Àwòrán Alága Sọdá Gọ́tà

Dígí kì í gba rìbá. Ohun tó bá rí ló ń sọ, ì báà dùn, ì báà korò. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà lórí àga kì í fi í fẹ́ràn dígí tó àwòrán. Àwòrán ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi sí i lẹ́nu ni yóò máa tún sọ, kò ní rẹ̀ ẹ́, kò sì ní tì í lójú.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Sango, tí ẹ gba títì Ilo-Awela, ẹ ó kan àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Orísun-Ayọ̀. Kò sí orísun kankan níbẹ̀, ayọ̀ ibẹ̀ náà sì ń wá, ó ń lọ, bí iná mànàmáná. Níbẹ̀ ni Akíndé Ògúnṣọlá ti jẹ́ alága ẹgbẹ́ onílé. Kí ó tó dé ipò yìí, ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páànù. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn, tí yóò máa wo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe bí ẹni pé òun ló ṣe é. Nígbà tó fẹ̀yìntì, ó gbé ìrìn náà wálé, kò sì rí ibi tí yóò ti máa rìn ín títí wọ́n fi fi í jẹ alága.

Ọkùnrin náà kúrú, ó sanra, ó dúdú minimini. Orí rẹ̀ pá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹran ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ṣẹ́po mẹ́ta bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí, àmì dúdú kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà sì jókòó sẹ́yìn etí rẹ̀ òsì. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó dá a kò ṣàṣìṣe. Akíndé nìkan ló ń rò pé Ó ṣàṣìṣe.

Ní gbogbo ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà tàbí ọlọ́dẹ, Jabez akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ki alága. Nínú ilé alága ni Jabez ń gbé, wọn kì í sì í lé ayálégbé tó mọ èèyàn í yìn. Yóò dìde, yóò tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, yóò ní, "Alága wa, àgbà òjò tí ń rọ̀ sórí ẹni tó ní páànù àti ẹni tí kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí gọ́tà ṣàn, tí gọ́tà ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin tí iná kì í dé láìkọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ẹ ti jí." Alága yóò mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń ka ìròyìn fún.

Ní òdìkejì gọ́tà ni Àdúgbò Ìdẹ̀ra wà. Alhaja Naimat ló jẹ́ alága tiwọn, obìnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìlọta, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń pariwo tó. Àdúgbò méjèèjì ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, wọ́n ń yá ara wọn ní àkàbà, wọ́n sì ń fi ẹ̀sùn ìdọ̀tí kan ara wọn. Kò sí ìjà títí ọjọ́ tí ìwé fi dé láti ọ́fíìsì kan ní Ọ̀tà pé wọ́n fẹ́ so àwọn àdúgbò kéékèèké pọ̀ ní méjì-méjì. Orísun-Ayọ̀ àti Ìdẹ̀ra yóò di ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ kan yóò wá wo àyíká náà, yóò sì mọ ẹni tí agbára rẹ̀ ká a láti jẹ́ alága gbogbo rẹ̀.

Àga kan, ìdí méjì. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lọ́nà ọ̀fun Akíndé mọ́. Bí àga yìí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù? Ọkùnrin kúkúrú kan tó ti fẹ̀yìntì, tí yóò wọlé ìpàdé, tí kò sẹ́ni tí yóò dìde. Èrò yìí ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ, nítorí bí èèyàn bá kú, wọ́n ṣì máa ń dìde fún un.

Inú ìrònú yìí ló wà nígbà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ọ̀tà, Bàbá Adérógbà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Tíṣà. Àwòrán àtijọ́ kan wà lára ògiri bàbá náà, nínú férémù tí ikán ti tọ́ wò, tí ó sì tu dànù. Òyìnbó kan ló dúró láàárín rẹ̀, ìyẹ́ ẹyẹ lórí fìlà, idà ní ìbàdí, tó na ọwọ́ sí òkè àti odò. Níwájú rẹ̀ ni àwọn ọba àti ìjòyè kúnlẹ̀ sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń wo àwòrán. Akíndé ti ń rí i láti kékeré. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

Bàbá Tíṣà rí i pé ó ń wò ó, inú rẹ̀ sì dùn, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ohunkóhun.

"Wò ó dáadáa," ni bàbá wí. "Ẹni tó ya èyí ò dé ilẹ̀ yìí rí. Ìlú wọn ló jókòó sí, tó ń yáná. Wọ́n ní òyìnbó yìí gba ilẹ̀, ó sì yà á kó ga ju igi lọ. Àwọn ọba wa ò tó orúnkún rẹ̀. Wo ilẹ̀ tó ń nawọ́ sí, ṣé o rí ilé kan níbẹ̀? Ṣé o rí oko? Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tiwa ń ná ọjà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ìlú wọn wo àwòrán, wọ́n ní, áà, bí a ṣe tóbi tó rèé, bí ilẹ̀ yẹn sì ṣe ṣófo tó rèé, ẹ tún rán èèyàn lọ sí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú àgọ́ ni òyìnbó fúnra rẹ̀ wà, tí ibà ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Àmọ́ àwòrán rẹ̀ ti jọba."

Bàbá gbé omi mu, ó tún ní nígbà tí òun wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwòrán ọba òyìnbó ni wọ́n gbé kọ́ sókè pátákó. Àwọn ọmọ a máa kí i láàárọ̀. Òun gan-an gbà pé ó ń rí òun bí òun bá sùn ní kíláàsì. Ọba tí kò mọ ọ̀nà Ọ̀tà, ó ń jẹ́ kí ọmọ Ọ̀tà máa la ojú sílẹ̀ nínú oorun.

Ìkìlọ̀ ni bàbá rò pé òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n Akíndé ń gbọ́ ọ bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí ọkọ fẹ́ràn. Nígbà tí bàbá parí ọ̀rọ̀, ìbéèrè kan péré ló ní.

"Bàbá Tíṣà, ṣé wọ́n lè ya irú ẹ̀ ní Sango?"

Sirajudeen ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Abẹ́ afárá Sango ni ọmọkùnrin náà ti ń kọ pátákó. Òun ló ń ya orí fún àwọn onígbàjámọ̀, táyà fún àwọn fọganáísà. Òun náà ni gbogbo àyíká ń gbé iṣẹ́ fún nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, lágbájá ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibí mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe lágbára tó. Bí orúkọ èèyàn bá ti wà lára ògiri, òun ló ni ògiri, òun ló ni ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, títí kan aáyán.

Ohun kan wà nípa Sirajudeen. Alfa rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ń ya ojú ẹ̀dá, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọn yóò ní kó mí ẹ̀mí sí ohun tó yà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo orí tó yà fún àwọn onígbàjámọ̀ fi máa ń kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn. Ó fẹ́ kọ iṣẹ́ alága, ó kàn ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ni.

Inú pálọ̀ ni alága dúró sí, níwájú dígí gígùn ìyàwó rẹ̀, ó sì kọ̀ láti yíjú kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ni Sirajudeen jókòó sí, lórí àpótí kékeré, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù rẹ̀.

"Dígí yìí ń parọ́ díẹ̀," ni alága wí. "Ìwọ tún un ṣe. Jẹ́ kí n ga. Ìyẹn ni wí pé bí mo ṣe ga nínú ẹ̀mí. Ikùn yìí, mú un kúrò, àìsùn tìtorí ará ìlú ló fà á. Àwọ̀ mi, oòrùn ilé-iṣẹ́ ló bà á jẹ́, dá a padà sí bó ṣe wà."

"Báwo ló ṣe wà, Alága?"

"Pupa. Kí irun wà lórí. Kí ìyẹ́ wà lára fìlà, kí idà wà ní ìbàdí. Kí n na ọwọ́, kí gbogbo ilé-iṣẹ́ Sango àti afárá wà lábẹ́ ọwọ́ mi, kí Ìdẹ̀ra wà lẹ́yìn wọn, kó jẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Kí àwọn ará Ìdẹ̀ra kúnlẹ̀ síwájú mi pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Kí wọ́n kéré."

Sirajudeen ronú lórí ọ̀rọ̀ náà, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́. Ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ kò jọ ẹnikẹ́ni tí Ọlọ́hun dá, kí ni yóò wá béèrè ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ ìkẹyìn? Ó gba iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó kúnlẹ̀.

Ìyàwó alága, Àdìzát, gbé omi wá fún un. Ó dúró díẹ̀, ó wo ìwé, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fáìzàh," ni ó wí, "ta lẹ ní kó yà?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin dà níbẹ̀?"

Alága ní obìnrin kì í lóye nǹkan báyìí. Àdìzát dá abọ́ omi padà sí ilé ìdáná. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ohun tí a kò lè sọ fún ọkọ, a lè sọ ọ́ fún Ọlọ́hun, kó bá wa gbé e lọ.

Wọ́n fi ọ̀dà ya àwòrán náà tán, Jabez sì gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé kí wọ́n fi tẹ bánà rẹpẹtẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà Orísun-Ayọ̀, obìnrin kan bi Jabez pé òṣèré wo nìyẹn. Jabez ní kó má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òfin wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ṣòkòtò sí ìdojúkọ àwòrán. Ọlọ́kadà tó bá ń kọjá gbọ́dọ̀ fun fèrè kí i. Nígbà tí fèrè ò jẹ́ kí alága rí oorun ọ̀sán sùn mọ́, òfin mìíràn jáde pé kí wọ́n máa fun ún jẹ́jẹ́. Ewúrẹ́ kan jẹ etí bánà, wọ́n pe ewúrẹ́ náà sí ìpàdé. Olówó rẹ̀ fà á wá, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i létí, ewúrẹ́ ní mẹ̀ẹ́, Jabez sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti tọrọ àforíjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ti jókòó ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sì pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ kan tí ibà dá alága dùbúlẹ̀, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí àga, ìpàdé sì ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ojú ẹ̀, Jabez yóò fi etí sí ẹnu àwòrán, yóò gbórí, yóò ní alága fara mọ́ ọn. Ìpàdé náà tètè parí. Àwọn onílé ń lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé èyí tilẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kì í sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi ṣeré yóò ṣẹ.

Lẹ́yìn èyí ni àwòrán sọdá gọ́tà. Ọ̀sán Jímọ̀ ni, nígbà tí àwọn ọkùnrin Ìdẹ̀ra wà ní mọ́ṣáláṣí. Kí wọ́n tó kírun tán, alága ti ń rẹ́rìn-ín sí wọn lórí òpó iná, ó nawọ́ sí ilé wọn bí ilẹ̀ gbalasa, àwọn fúnra wọn sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n.

Inú bí wọn. Àmọ̀dá ọlọ́kadà ti gun orí máṣìnì rẹ̀, ó fẹ́ fà á ya, kí Alhaja Naimat tó jáde láti ibi ẹ̀rọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa fún ata.

"Sọ̀ kalẹ̀, Àmọ̀dá."

"Alhaja, ṣé ẹ ò rí i ni? Ó ní àwa la kúnlẹ̀ yẹn."

"Mo rí i. Bí èèyàn bá kọ orúkọ sára ògiri pé ti òun ni, ṣé ibi tó dáa lára ògiri nìkan ló gbà? Ó ní Ìdẹ̀ra ni tòun. Ẹ jẹ́ ká fún un ní Ìdẹ̀ra."

Ó fọ ọwọ́, ó wọ gèlè, ó sì lọ kí alága nínú ilé rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e ní kò sí ẹni tó lè kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ará òun rí ojú alága lórí òpó, ọkàn wọn sì balẹ̀, àmọ́ ojú kan kò kárí. Ṣé wọ́n lè bá àwọn gbé ọ̀kan sí ìdí afárá kékeré, ọ̀kan sí ẹnu gọ́tà ńlá, èyí tó tóbi jù lọ sí ilẹ̀ etí odò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àṣìmọ̀ ẹni tó ni ibẹ̀?

Omi lé sí Akíndé lójú. Àwọn tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ ara wọn, àwọn ló wá ń bẹ òun. Ó ní kí wọ́n tẹ bánà sí i. Nígbà tí Naimat lọ tán, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn yí pálọ̀ ká, ó sọ fún Àdìzát pé òun ti gba ìlú láìju òkò.

Jabez ló lọ gbé àwọn bánà kọ́. Ó rí ohun tó wà nídìí afárá kékeré. Ó rí ohun tó wà ní ẹnu gọ́tà ńlá. Nígbà tó dé etí odò, aṣọ ló fi bo imú títí tó fi so okùn tán. Ó rò ó pé kí òun sọ fún alága. Ó tún rántí pé ayálégbé tó sọ fún un kẹ́yìn pé omi ń wọ ilé rẹ̀, òde ló ti ń gbé báyìí. Nígbà tó dé ilé, ó ní ibẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síbẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀ kò sọdá gọ́tà rí. Kí ló fẹ́ lọ ṣe? Ẹni tó ya òyìnbó inú férémù kò dé ilẹ̀ tó yà, ilẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Màdáámù Olúwayẹ́misí Ayọ̀rìndé ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ bàtà òjò ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́n ìbá ti bẹ̀rù bàtà yẹn. Akíndé wọ agbádá funfun, ìyẹ́ wà lára fìlà rẹ̀, Jabez gbé agboòrùn lé e lórí. Àwọn ará Orísun-Ayọ̀ jáde, àwọn ará Ìdẹ̀ra jáde, Naimat dúró láàárín wọn.

"Màdáámù," ni Akíndé bẹ̀rẹ̀, "kí ẹ má wulẹ̀ fi ẹsẹ̀ yín wá wàhálà. Àwọn kan ń fi òkúta ṣe ààlà, àwọn kan ń fi pèrègún. Ojú mi ni ààlà tèmi. Láti ibi tí oòrùn ti ń yọ lẹ́yìn ilé epo yẹn, títí dé ibi tó ń wọ̀ sí létí odò, ibikíbi tí ẹ bá ti rí ojú yìí, Akíndé Ògúnṣọlá ló ni ín. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ló fọwọ́ ara wọn tọrọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ilẹ̀ nìkan ni, àbí pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀?"

"Ohun tó wà lórí rẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ níbẹ̀."

Màdáámù kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n sì sọdá gọ́tà.

Ìdí afárá kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ dé. Afárá náà ti já láti òjò tó kọjá, pákó kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn ń gbà kọjá, ojú alága sì ń rẹ́rìn-ín lókè rẹ̀. Màdáámù bi wọ́n pé ta ló yẹ kó tún èyí ṣe. Ará Ìdẹ̀ra kan dáhùn jẹ́jẹ́ pé alága ni, ojú wọn rèé. Akíndé ní àtúnṣe ti wà nínú ètò òun. Wọ́n dé ẹnu gọ́tà ńlá, àpò ọ̀rá àti ìyẹ̀pẹ̀ ti dí i pinpin. Ojú alága wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó ń nawọ́ sí i bí ẹni tó ń fi ohun iyebíye han àlejò. Akíndé bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ó bojú wo Jabez. Jabez ń wo agboòrùn.

Ní ti etí odò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ wá pàdé wọn.

Ààtàn ni. Ààtàn tó ga tó ilé, tó bọ́ sínú odò láti ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń dá omi padà sínú ilé àwọn èèyàn nígbàkúùgbà tí òjò bá rọ̀. Ará Ìdẹ̀ra ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, ará Orísun-Ayọ̀ ń rán ọmọlanke lọ dà á síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ni ín. Bánà tó tóbi jù lọ ni wọ́n ta sí orí rẹ̀. Ẹyẹ lékèélékèé kan bà lé etí rẹ̀, ó ń wo àwọn àlejò.

Màdáámù dúró. Ìyípadà dé bá ojú rẹ̀, bí ojú ẹni tó ti ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ tipẹ́, tó wá gbúròó rẹ̀ lẹ́yìn ilé aládùúgbò.

"Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ẹni tó ni ilẹ̀ yìí," ni ó wí. "Gbogbo ẹni tí a bi ló ní òun kọ́. Inú mi dùn, Alága. Ẹni tó bá ni ín ni yóò kó o kúrò fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò lọ ṣàlàyé níwájú adájọ́."

Akíndé wo ààtàn, ó wo òkè, ó rí ojú pupa gígùn tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

"Èmi kọ́," ni ó wí.

"Mi ò gbọ́ yín dáadáa, Alága."

"Mo ní ẹni yẹn, èmi kọ́. Màdáámù, ẹ wò mí. Ẹ wò ó. Ẹni yẹn ga, mo ga ni? Ẹni yẹn pupa. Ẹni yẹn ní irun." Ó ṣí fìlà, orí rẹ̀ sì dán nínú oòrùn. "Ṣé ikùn èmi nìyẹn? Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n rí."

Kò tíì sọ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di alága. Màdáámù wò ó, ó wo bánà, ó sì gbà. Ó ní lóòótọ́, wọn kò jọ rárá. Ó wá bi Jabez pé, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ta ni alága Orísun-Ayọ̀, ṣé ẹni tó wà lókè yìí ni, tàbí ẹni tó wà nílẹ̀ yìí?

Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí wọ́n há Jabez sí. Bí ó bá ní ti ilẹ̀, ó ti ju alága rẹ̀ sórí ààtàn. Bí ó bá ní ti òkè, ó ti yọ ọ́ lórí àga. Ó rántí ìpàdé tí àwòrán darí, bó ṣe dùn tó.

"Ti òkè ni, Màdáámù," ni ó wí, ó sì rọra ká agboòrùn.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ni Naimat wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn. "Ó ní òun kọ́."

Ibi ògiri kan nítòsí ni Sirajudeen wà, Naimat ti gbé iṣẹ́ fún un pé kó kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má da ìdọ̀tí síbí mọ́. Màdáámù pè é, ó bi í pé ta ló yà gan-an. Ọmọkùnrin náà nu ọ̀dà lọ́wọ́. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ alfa, ó ní òun yà á nítorí kò jọ ẹnikẹ́ni.

"Àwọn tó kúnlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Àwọn yẹn ò ní ojú, Màdáámù. Ẹ̀yìn ni mo yà. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló sì wà níwájú mi lọ́jọ́ náà."

Akíndé kò dúró gbọ́ èyí. Níwọ̀n ìgbà tí òun kò ti sí nínú àwòrán mọ́, kí ni òun tún ń ṣe níbi ààtàn? Ó ti fi fìlà há abíyá, ó ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹrí ba kí ó má baà tẹ ìdọ̀tí, ó ń lọ.

Àmọ̀dá ọlọ́kadà ló rí i. Ó wo ọrùn tó ń lọ, ó gbójú sókè wo bánà, ó tún wo ọrùn.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má yíjú."

Gbogbo ojú wò ó. Gbogbo ojú gòkè. Ẹni àkọ́kọ́ tó kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin pupa náà, tó ru agbọ̀n, orí rẹ̀ pá. Ọrùn rẹ̀ ṣẹ́po mẹ́ta. Àmì dúdú kan wà lẹ́yìn etí rẹ̀ òsì. Ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀. Gbogbo ará Ìdẹ̀ra tí alága ti fi kúnlẹ̀ lórí gbogbo òpó, alága ni gbogbo wọn.

Ẹ̀rín náà kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, ó sọdá gọ́tà, ó sì mú àwọn ará Orísun-Ayọ̀. Ẹyẹ lékèélékèé fò lọ. Màdáámù gbìyànjú kí ó má rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ ìjọba ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ti wá yé òun báyìí. Ẹni tó dúró nínú àwòrán ló jẹ́ alága, ọ̀gbẹ́ni sì ti ní òun kọ́, nítorí náà àga ti ṣófo, Alhaja ni kó jókòó síbẹ̀. Ní ti ẹni tó ru agbọ̀n, kò sí àríyànjiyàn. Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ní kí òun kọ afẹ́fẹ́ ibí yìí sílẹ̀ fún un. Agbọ̀n ni kó lọ gbé wá.

Báyìí ni Akíndé Ògúnṣọlá ṣe ń wá sí etí odò ní gbogbo Sátidé ìmọ́tótó. Lákọ̀ọ́kọ́, òun nìkan ni. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò kó, yóò ru ú dé ẹ̀yìn ọkọ̀ akólẹ̀, yóò padà. Àwọn tó ń kọjá kì í rí ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń rí, wọn yóò sì wí fún ara wọn pé Sirajudeen mọ iṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn díẹ̀ láti àdúgbò méjèèjì ń wá bá a kó o, torí àwọn náà mọ ẹni tó dà á síbẹ̀. Ní ti Jabez, ó lọ sí ibi ẹ̀rọ Alhaja láti lọ kí i. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní, "Alága wa, ẹ̀yin tí ẹ ní kí ata kúnná, tí ata ní òun ti gbọ́." Naimat tan ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù.

Àwọn bánà, àwọn èèyàn gé wọn, wọ́n fi bo igi ìdáná, wọ́n fi ṣe òrùlé ilé adìyẹ. Àdìzát tọrọ ọ̀kan. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ọkùnrin pupa náà kúrò pẹ̀lú ìyẹ́ àti idà rẹ̀, ó gé afárá àti ilé-iṣẹ́ kúrò. Ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú pátápátá ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ó fi í sínú férémù, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.

Àwọn àlejò a máa bi í pé kí ló dé tó fi gbé àwòrán ẹni tí kò ní ojú kọ́.

"Ojú rẹ̀ wà nílé," ni Àdìzát máa ń dá wọn lóhùn. "Òun ló ń jẹun lọ́hùn-ún yẹn."